Ife nǹkan oṣù àti lúùpù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi lóbìnrin, mo kí yín o. Owó páàdì ti wọ́n jù, mo sì fẹ́ ra ife nǹkan oṣù onísílíkóònù, ìyẹn ife kékeré tí wọ́n ń kì sójú ara láti gba ẹ̀jẹ̀. Mo ti bímọ méjì, ẹ̀jẹ̀ mi sì máa ń pọ̀. Ṣé ti ńlá ló yẹ mí?

Èyí tó ká mi lára jù ni pé mo ní lúùpù ìfètò-sọ́mọ-bíbí, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, lára. Mo mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ ìdí ife náà kí afẹ́fẹ́ wọlé kó tó fà á jáde, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ fa lúùpù kúrò níbi tó wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo méjèèjì pọ̀, kí ni nọ́ọ̀sì yín sọ? Ṣé ẹ ní kí wọ́n gé okùn lúùpù náà kúrú ni?