Wíwo básíkẹ́tì ní Allen Fieldhouse, Kansas: kí ló yẹ kí ẹni tó ń ti Kábà lọ mọ̀?

Ọmọ Owé (Kábà)

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kansas City lóṣù kìíní, gbogbo oṣù náà ni mo máa fi wà lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ lọ wo básíkẹ́tì ọkùnrin ti Yunifásítì Kansas ní Allen Fieldhouse, Lawrence, níbi tí Udoka Azubuike tiwa ti gbá bọ́ọ̀lù láti 2016 sí 2020. Ìgbà wo ló dáa jù láti lọ? Báwo ni wọ́n ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn ò fi ní lu èèyàn ní jìbìtì? Kí ni wọn kì í jẹ́ kéèyàn mú wọlé? Ẹ tún là mí lóye nípa òfin eré náà, kí n má baà jókòó síbẹ̀ máa wo ẹnu àwọn ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú

Àbúrò, okun o. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ́hùn-ún, kó wá fi ránṣẹ́ sí ọ. Káàdì báńkì ilé wa sábà máa ń kọ̀ lórí ìkànnì wọn, èyí tó bá sì gbà á lè ní nọ́ńbà fóònù Amẹ́ríkà lòun fẹ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, inú fóònù ló wà báyìí. Ímeèlì tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá fi ránṣẹ́ sí gan-an ni kí o fi ṣí àkáǹtì tìrẹ. Bí o bá lo òmíràn, o ò ní rí tíkẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀.

Gbé e sínú Apple Wallet tàbí Google Wallet kí o tó kúrò nílé. Ẹnu ọ̀nà ni ojú ti máa ń pọ́n àlejò: èèyàn tó lé ní 15,000 ló ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, áàpù á kàn máa yí ni. Má sì gbọ́kàn lé àwòrán tí o bá yà lójú fóònù, torí ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn, kóòdù tí wọ́n ń yẹ̀ wò lójú tíkẹ́ẹ̀tì ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹni tó bá ní òun ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí Facebook, tó sì ní káàdì ẹ̀bùn ni kí o fi sanwó, olè ni.

Ní ti owó, ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ wá gbá ló ń pinnu rẹ̀. Kansas State tó jẹ́ ọ̀tá wọn láti ìpínlẹ̀ kan náà máa ń gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo eré ọjọ́ Sátidé. Owó tún lè já wálẹ̀ ní wákàtí méjì mẹ́ta kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ tún tìrẹ̀ tà kò fẹ́ kó bà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, àmọ́ fún eré ńlá, ó lè jẹ́ pé ńṣe ni yóò lọ sókè. Wo àròpọ̀ owó títí dé ojú ewé ìkẹyìn, nítorí owó iṣẹ́ tí wọ́n ń fi kún un kì í ṣe kékeré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà ní ìsinmi títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kìíní, ìgbà yẹn sì ni tíkẹ́ẹ̀tì máa ń dẹ̀ díẹ̀. Lọ nígbà náà.

Arẹwà Ìyàrà

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dáa, àfi ìparí yẹn. Kí ni ẹni tó ti Kábà wá fẹ́ fi Allen Fieldhouse tí akẹ́kọ̀ọ́ ò sí níbẹ̀ ṣe? Ariwo ni wọ́n ń torí ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ní 13 oṣù kejì 2017, nígbà tí ẹgbẹ́ West Virginia wá gbá, wọ́n wọn ariwo ibẹ̀ ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 130.4, ìwé àkọsílẹ̀ Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tíì sí èrò abẹ́ òrùlé tó pariwo tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn àlejò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á gbé ìwé ìròyìn bojú bí ẹni tí kò rí wọn. Tí wọ́n bá wá kan àwọn ọmọ ilé, wọ́n á ya ìwé náà wẹ́wẹ́, wọ́n á sì fọ́n ọn sókè. Ṣáájú eré, gbogbo ilé á dìde, wọ́n á fọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́rùn fún orin ilé-ìwé, kí wọ́n tó fa "Rock Chalk", igbe àwọn ọmọ Kansas, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá tún gbọ́ igbe náà ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti rí i pé àwọn ti borí nìyẹn.

Nítorí náà, Ọmọ Owé, ẹ dúró di ìparí oṣù. Bí owó bá ṣe pàtàkì jù, ẹ wo eré àwọn obìnrin: inú gbọ̀ngàn kan náà ni, owó rẹ̀ kéré gan-an, ẹ ó sì jókòó sún mọ́ pápá.

Ẹ má gbé báàgì lọ. Òfin tó wọ́pọ̀ ní irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ni pé àpò tí inú rẹ̀ hàn gbangba, tí kò ju 12 × 6 × 12 íǹṣì lọ, nìkan ló ń wọlé, pẹ̀lú pọ́ọ̀sì kékeré tí kò ju 4.5 × 6.5 íǹṣì. Oúnjẹ àti ohun mímu ilé kò wọlé. Káàdì ni kí ẹ mú dání, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ inú irú ibẹ̀ kì í gba owó tútù.

Òtútù Lawrence lóṣù kìíní kì í ṣe ọyẹ́ tiwa o, ó máa ń lọ sísàlẹ̀ òdo. Ṣùgbọ́n inú ilé máa ń gbóná, àyè ìjókòó sì há, ẹ ò sì ní rí ibi tí ẹ máa gbé kóòtù wúwo sí ju orí itan yín lọ. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn. Búlúù tàbí pupa ni kó jẹ́. Ẹ yẹra fún elése àlùkò, ti Kansas State nìyẹn. Ẹ sì bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kó fi gèlè sílé, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ò ní rí nǹkan kan.

Rẹfirí Ẹ̀gbẹ̀

Ẹni tó bá mọ NBA, ìdíje básíkẹ́tì àwọn tó ń fi í jẹun ní Amẹ́ríkà, nìkan, ohun tó máa rú u lójú rèé. Abala méjì oníṣẹ́jú 20 ni ti ọkùnrin, ìsinmi ìṣẹ́jú 15 wà láàárín, ìṣẹ́jú 5 sì ni àfikún bí wọ́n bá ta ọ̀mì. Àwọn obìnrin ló ń gbá abala mẹ́rin oníṣẹ́jú 10. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù ní láti jù ú. Bí bọ́ọ̀lù bá kan agbọ̀n tí wọ́n sì tún gbà á padà, 20 ni wọ́n ń fún wọn.

Ẹ ó rí i pé eré á máa dúró lójijì. Tẹlifíṣọ̀n ló fà á: nínú abala kọ̀ọ̀kan, bí bọ́ọ̀lù bá kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn tí aago tó ń kà sẹ́yìn bá ti kọjá ìṣẹ́jú 16, 12, 8 àti 4, wọ́n á lọ fún ìpolówó. Ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ ra omi tàbí lọ tọ̀, ẹ má dúró de ìsinmi àárín, ìlà á ti gùn dé òde.

Fáòlù: ẹ máa wo iye rẹ̀ lójú pátákó. Láti ìkeje ẹgbẹ́ kan nínú abala, ẹni tí wọ́n ṣe fáòlù sí á ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ kan, bó bá wọlé ló tó lè ju èkejì. Láti ìkẹwàá, méjì gbáko ni. Ìdí nìyí tí gbogbo ilé fi máa ń ké bí fáòlù àwọn àlejò bá ti ń sún mọ́ méje. Ẹni tó bá ṣe márùn-ún jáde. Bí àwọn méjì bá di bọ́ọ̀lù mú pọ̀, wọn kì í tún un jù sókè, ọfà tó wà nídìí tábìlì àwọn tó ń kọ àmì ayò ló ń sọ ẹgbẹ́ tó kàn. Bí ọmọ ilé bá ń ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, ẹ pa ẹnu mọ́. Ti àlejò ni ẹ lè pariwo sí bó ṣe wù yín.

Ọmọ Owé (Kábà)

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku méjì: ṣé wọ́n á jẹ́ kí n mú agogo àti fèrè wọlé? Àwọn tó wà nílé ń fẹ́ wò ó, aago mélòó ló máa jẹ́ ní Kábà?

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú

Kò sí agogo, kò sí fèrè, ẹnu àti àtẹ́lẹwọ́ nìkan. Òfin náà kan ẹgbẹ́ akọrin wọn pàápàá: wọn kì í fun kàkàkí nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, mo gbà fún Arẹwà. Dúró di ìparí oṣù.

Tètè débẹ̀. Láti Kansas City, bíi 40 máìlì ni, kí ẹ sì san owó ibi tí ẹ máa gbé ọkọ̀ sí ṣáájú. Ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn náà ni DeBruce Center wà, ibẹ̀ ni ìwé òfin 13 tí James Naismith, ẹni tó dá básíkẹ́tì sílẹ̀, ṣe fún eré náà ní 1891 wà nínú gíláàsì, ojúlówó ni. Naismith yìí kan náà ló kọ́kọ́ kọ́ ẹgbẹ́ Kansas ní 1898. Ìdílé Booth ló ra ìwé náà ní 2010, ó lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là. Ọ̀sán ni kí o lọ wò ó, má dúró di ìgbà tí èrò bá dé.

Wákàtí méje ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa lóṣù kìíní. Eré aago 7 alẹ́ níbẹ̀, aago 2 òru ni ní Kábà. Kí wọ́n ti ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́.