Àṣẹ kọ́ ni ìyọ̀ǹda

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n dábàá pé kí á máa pe obligation (ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe) ní "ọ̀ranyàn", kí á sì máa pe permission (ohun tí a gbà á láyè láti ṣe) ní "àṣẹ", nígbà tí a bá ń kọ ìlànà bí ètò kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn, pàápàá àṣẹ yẹn.

Ọ̀gá pàṣẹ fún ọ: o fẹ́ o, o kọ̀ o, wàá ṣe é. O gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá: tó bá wù ọ́ kí o ṣe é, tí kò bá wù ọ́ kí o fi í sílẹ̀. Bí a bá wá kọ "àṣẹ" lásán sínú àpótí kan nínú àwòrán ìlànà náà, èwo nínú méjèèjì ni ẹni tó máa kọ ètò náà yóò mú? Ìyọ̀ǹda kò ní wàhálà yìí.

Kí á fi àṣẹ pa mọ́ fún authorization. ISO/IEC 10746, ìyẹn ODP, ìlànà àgbáyé fún ètò kọ̀ǹpútà tó pín sí ibi púpọ̀, ya òun àti permission sọ́tọ̀: authorization ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí lọ́wọ́. Ẹ wo ilé-ìkàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyọ̀ǹda láti yá ìwé, àmọ́ tí ẹlòmíràn bá ti yá a lọ, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá fún ọ̀gá ilé-ìkàwé láṣẹ láti gba ìwé padà, ẹni tó bá dí i lọ́wọ́ ti rú òfin.

Ọ̀ranyàn kò burú, kò kàn sọ ọrùn ẹni tó wà ni. Ojúṣe ni mo fẹ́ dípò rẹ̀, torí ó máa ń ní ẹni tó ni ín: ojúṣe akọ̀wé, ojúṣe akápò. Ipò tí èèyàn dì mú ni ODP sì so obligation mọ́. "Àìgbọdọ̀máṣe" ni ì bá wù mí jù, ó kàn gùn jù fún àpótí. Ní 1951, G. H. von Wright, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Fínlándì, kọ ọ́ pé ohun tó di dandan ni ohun tí a kò yọ̀ǹda kí á má ṣe é. Ẹ tú àìgbọdọ̀máṣe wò, ohun kan náà ló wà nínú rẹ̀!

Ibi tó ń dùn mí gan-an ni "lè". "Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè yá ju ìwé mẹ́ta lọ": ṣé kọ̀ǹpútà ni kò ní gbà ni, àbí òfin ló sọ bẹ́ẹ̀? Lára ògiri Èkó wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹ má tọ̀ síbí, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń tọ̀ sí. Èèwọ̀, bí mo ṣe ń pe prohibition, ṣeé rú, nítorí náà ìlànà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá rú u. Ohun tí èmi ń kọ ni "kò gbọdọ̀" fún òfin, "ètò kò ní gbà" fún kọ̀ǹpútà. Ẹ má sì fi "kò gbọdọ̀" túmọ̀ "kì í ṣe ojúṣe rẹ̀". "Kò pọn dandan" nìyẹn.

Àwọn kan ní èèwọ̀ ti òrìṣà ni. Ìwé ìròyìn ti ń ka nǹkan léèwọ̀ tipẹ́, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀.

Ó ku burden, ojúṣe tí ẹnìkan lè gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nínú ISO/IEC 15414, apá ODP tó wà fún ilé-iṣẹ́. "Ẹrù" ni mò ń lò. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó mú un wá.