Ògiri bíríkì àtijọ́ tó ti tẹ̀ àti àgbàlá tí a fẹ́ tẹ́ òkúta sí, Pópó Àgùdà: èwo la máa kọ́kọ́ ṣe?

Àgbàlá_Campos

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá bíríkìlà. Àgbàlá kan ló wà nítòsí Campos Square, ní Èkó, mítà 5 ní mítà 6. Ògiri bíríkì pupa wà ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn ní mítà 6, ó ga ní mítà 1.8, ó sì nípọn ní ínṣì 9. Àárín rẹ̀ ti yọ ikùn, a sọ okùn sí i, ó ti fi mílímítà 90 tẹ̀ sínú àgbàlá. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nígbà kan rí. Níbi tí sìmẹ́ńtì yẹn ti ń já bọ́, ojú bíríkì ló ń bá a já wá. Ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n funfun, èékánná lásán lè họ ọ́.

A fẹ́ tún ògiri náà mọ pẹ̀lú bíríkì rẹ̀ gan-an, ká sì tẹ́ òkúta gíráńáìtì onígun mẹ́rin, ínṣì 4 ní ínṣì 4, sílẹ̀ dípò interlock. Mọ́tò kò ní wọ ibẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn àti ọ̀kadà kan ni. Bíríkìlà tó wá wò ó ní ká fi sìmẹ́ńtì 1 sí yanrìn 4 mọ ògiri, ká tẹ́ òkúta sórí yanrìn, ká wá fi sìmẹ́ńtì dí àárín wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ? Kí ni ká rà, èló sì ni yóò tó?

Bíríkìlà_Òṣòdì

Ẹ kú ìbéèrè. Ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ́ òkúta ínṣì 4, ẹ ó gbẹ́ ilẹ̀ wọlé tó mílímítà 240. Ìpìlẹ̀ irú ògiri bẹ́ẹ̀ kì í sábà jìn. Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ti tẹ̀ báyìí, ó ń yọ ohun tó gbé e dúró ni, orí ẹni náà ni yóò sì wó lé.

Mílímítà 90 ti pọ̀ jù. Ògiri ínṣì 9 tó bá ti tẹ̀ ju 70 lọ, wíwó ni. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́dọ̀ LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ìkọ́lé, nítorí àdúgbò yẹn kún fún ilé àtijọ́. Ẹ ya fọ́tò ojú ògiri kí ẹ lè rí bí wọ́n ṣe to bíríkì rẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà kan á nà gbọọrọ, ìlà tó tẹ̀ lé e á kọ orí síta, èyí tó so iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀. Tí bíríkìlà yín bá na gbogbo ìlà gbọọrọ torí pé ó yá, ògiri méjì tó fara ti ara wọn lẹ ní, wọn yóò sì tún pínyà níkùn.

Láti òkè ni kí ẹ ti máa tú u, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Ẹ má tì í wó. Nǹkan funfun tí wọ́n fi mọ ọ́n, láìmù ni. Hámà kékeré àti síṣẹ́ẹ̀lì pẹrẹsẹ ti tó láti yọ ọ́. Ẹ máa gbá bíríkì méjì pọ̀: èyí tó bá dún gbangba yóò wúlò, èyí tó bá dún bòòmù ti sán nínú. Bíríkì tí ojú kan rẹ̀ ti já, ẹ yí i padà kí ojú kejì wá síta.

Sìmẹ́ńtì 1 sí yanrìn 4 ni yóò tún pa á. Bíríkì yìí rọ̀, ó ń mumi. Bí ohun tí ẹ fi dí àárín bíríkì sí bíríkì bá rọ̀ jù ú lọ, ibẹ̀ ni omi yóò gbà jáde. Bí àárín bá le bí sìmẹ́ńtì, ojú bíríkì ni omi yóò gbà, iyọ̀ inú omi á gan síbẹ̀, á sì máa ti ojú bíríkì já. Ohun tí ẹ rí lábẹ́ ìrẹ́ yẹn náà nìyẹn. Ẹ lo sìmẹ́ńtì 1, láìmù 2, yanrìn 9. Fún ògiri yín, sìmẹ́ńtì àpò 2, láìmù tó kìlógíráàmù 75, yanrìn wíìbárò 9 sí 10. Bíríkì bí 1,300 ló máa gbà tó bá jẹ́ ìwọ̀n òde òní. Àtijọ́ lè yàtọ̀, nítorí náà ẹ wọn tiyín.

Ìpìlẹ̀ tuntun: kọnkéré 1:2:4 (sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2, òkúta 4), fífẹ̀ mílímítà 500, nínípọn 200. Sìmẹ́ńtì àpò 4 ló máa gbà. Ògiri ínṣì 9 tó dá dúró ní mítà 1.8 láìní òpó, èmi kò ní fọwọ́ sí i. Ẹ fi òpó ínṣì 18 sí ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin, tàbí kí ẹ gé e kù sí mítà 1.35.

Òwò_Láìmù

Bíríkìlà_Òṣòdì ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa lọ ra láìmù, ẹ ṣọ́ra: láìmù oko wà lọ́jà, tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sílẹ̀. Òkúta lílọ̀ lásán nìyẹn, kì í gan. Ẹ ní ẹ fẹ́ hydrated lime. Ẹ kán fínígà sí díẹ̀ nínú rẹ̀. Tó bá hó kíkan, bóyá láìmù oko ni tàbí èyí tó ti pẹ́ nínú àpò tí afẹ́fẹ́ ti jẹ́.

Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kó di lẹ̀kùlẹkù kí ẹ tó pò ó mọ́ yanrìn. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú kì í ṣe àṣejù, ó ń jó awọ, ó sì lè ba ojú jẹ́ pátápátá.

Ibì kan tí mo ti yàtọ̀ sí wọn ni ìsàlẹ̀: ìlà tó wà nínú ilẹ̀ àti méjì tó yọ lórí ilẹ̀, ẹ lo 1:1:6 (sìmẹ́ńtì, láìmù, yanrìn). Omi kò jìnnà sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti àyíká rẹ̀, 1:2:9 kì í gan dáadáa nínú ọ̀rinrin tí kì í lọ.

Ẹ ri bíríkì sómi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ yọ ọ́, kó má máa ro mọ́ kí ẹ tó mọ ọ́n. Mítà 1 lójúmọ́ ti tó. Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹta ló dára jù, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, ẹ fi àpò tútù bò ó, nítorí ó máa ń yára gbẹ kó tó gan. Tí ẹ bá bọ́ sí àsìkò òjò, tapólínì ni.

Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀_Yábàá

Tí ilẹ̀ ńkọ́? Yanrìn nísàlẹ̀, sìmẹ́ńtì láàárín: èyí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ. Yanrìn máa ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, sìmẹ́ńtì tó ti gan kò lè bá a yẹ̀. Yóò sán, òjò yóò gba ibẹ̀ wọlé, yóò gbọ́n yanrìn lọ, òkúta á sì máa mì bí eyín tó fẹ́ yọ. Tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ó wà láàárín. Tí ẹ bá fẹ́ sìmẹ́ńtì láàárín, kọnkéré ni kó wà nísàlẹ̀. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Fún tiyín, yanrìn ni mo máa yàn, torí òjò á lè wọlẹ̀ díẹ̀.

Ẹ ra èyí tó nípọn ní mílímítà 50, kì í ṣe 100. Ọ̀kadà kan kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kò sì ní gbẹ́lẹ̀ ju 190 lọ lẹ́bàá ògiri. Pẹ̀lú àlàfo mílímítà 10, òkúta 83 ló ń wọ mítà kan ní mítà kan. Fún mítà 30, 2,490. Ẹ ra 2,600. Ó máa wúwo tó tọ́ọ̀nù 3.5, ẹ jẹ́ kí onítípà mọ̀ kó tó wọ òpópónà tóóró yẹn.

Stone base (òkúta fífọ́ ti ìsàlẹ̀) mílímítà 100 tí wọ́n ti gún mọ́lẹ̀, ẹ ra kúbíìkì mítà 4. Sharp sand (yanrìn oníhóró) mílímítà 40, ẹ ra kúbíìkì mítà 1.5. Òkúta wẹ́wẹ́ mílímítà 2 sí 5 fún àárín, wíìbárò 4 sí 5. Kí ilẹ̀ máa rẹlẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri lọ sí gọ́tà, mílímítà 25 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Mítà 5 yín yóò gba 125. Òkúta tí ojú rẹ̀ kò dán máa ń dá omi dúró, interlock lè gba kéré sí i. Ẹ fi mílímítà 200 sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri, ẹ kún un pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, kí ẹsẹ̀ ògiri lè máa gbẹ.

Etí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe. Ìlà òkúta yíká nínú kọnkéré, ẹ jẹ́ kó gan kó tó kan àárín. Láìsí i, gbogbo ilẹ̀ yóò tàn ká. Òkúta tí wọ́n fi ọwọ́ gé kì í dọ́gba: ẹ ṣà á sí ọ̀nà mẹ́ta, nínípọn, àárín, tínrín. Ẹ fi ìsàlẹ̀ yanrìn ga ju bó ṣe yẹ lọ ní mílímítà 10 sí 15, kí ẹ fi róbà hámà gbá òkúta kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ lábẹ́ okùn. Ẹ wo okùn lẹ́yìn ìlà márùn-ún márùn-ún. Igun mẹ́rin kò gbọdọ̀ pàdé lójú kan.

Àgbàlá_Campos

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá. Wọ́n ń ta yanrìn etí òkun ní pọ́ọ́kú nítòsí, stone dust (ìyókù òkúta lílọ̀) náà wà. Ṣé a lè lò ó?

Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀_Yábàá

Yanrìn òkun nínú ògiri, rárá. Iyọ̀ ni ẹ ń rà. Stone dust tó kún fún lẹ́bú, ó máa ń gba omi dúró, tí wọ́n bá ń rìn lórí rẹ̀ ní òjò, á di ẹrẹ̀, á sì máa ta jáde láàárín òkúta. Ẹ dán yanrìn wò nínú ìgò: ẹ bu omi tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Bí yanrìn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, ẹrẹ̀ orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílímítà 8 lọ.

Bíríkìlà_Òṣòdì

Ọ̀kan ṣì kù: orí ògiri. Ibẹ̀ ni omi ti ń wọlé jù lọ. Ìbòrí tí ó yọ jáde ní mílímítà 40 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni kí ẹ fi bò ó, kí ẹ fa ilà tóóró sábẹ́ etí rẹ̀, kí omi lè kán bọ́ síta, kó má ṣàn padà sára bíríkì.