Checksum: àròpọ̀, òǹtẹ̀, àbí ìtẹ̀ka?

Ẹ̀yin ará, a ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún checksum, ìyẹn iye kúkúrú tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú fáìlì, kí a lè mọ̀ bóyá fáìlì náà ti yí padà. "Àròpọ̀ àyẹ̀wò" tí àwọn kan dábàá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lóòótọ́, láyé àtijọ́, ṣe ni kọ̀ǹpútà kàn ń ro àwọn báìtì inú fáìlì (àwọn nọ́ńbà kéékèèké tó para pọ̀ di fáìlì) pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo 12 àti 21: ẹ ro 1 mọ́ 2, ẹ ro 2 mọ́ 1, 3 náà ni. Bí lẹ́tà méjì bá gba ipò ara wọn, àròpọ̀ kò ní mọ̀.

Ti òde òní kọjá ìyẹn. Ẹ tẹ sha256sum, àṣẹ tó ń ṣírò checksum, àti orúkọ fáìlì sínú terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ì báà jẹ́ lẹ́tà olójú ewé kan, ì báà jẹ́ fíìmù gígùn, àmì 64 ni yóò jáde. Ẹ yọ kọ́mà kan ṣoṣo kúrò, ẹ ò ní dá èyí tó jáde mọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ "ìtẹ̀ka": ìka kéré, síbẹ̀ a fi ń mọ odindi ènìyàn.

Àwọn kan ní ìtẹ̀ka MD5, ọ̀nà ìṣírò àtijọ́ kan, ti dọ́gba fún ohun méjì tó yàtọ̀ ní 2004, ti SHA-1, ọ̀nà àtijọ́ mìíràn, náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ ìka ni kò dára tó, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ̀bi.

Ní ti "òǹtẹ̀", ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká fi pamọ́. Òǹtẹ̀ ń sọ ẹni tó fọwọ́ sí nǹkan. Bí olè bá wọ inú ìkànnì, tó pààrọ̀ fáìlì, tó sì pààrọ̀ ìtẹ̀ka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, méjèèjì á bára mu rẹ́gí. GPG, ètò tí a fi ń fọwọ́ sí fáìlì, ló ń lu òǹtẹ̀. Òun ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Bákan náà, mi ò gba "ìjóòótọ́" fún integrity, ìyẹn pé fáìlì ṣì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Irọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn yóò yege. "Àìyípadà" ni kí a pè é.

Ó ku èsì sha256sum -c, àṣẹ tó ń fi ìtẹ̀ka tí a kọ sílẹ̀ wé ti fáìlì. OK lè jẹ́ "ó bá a mu". Ẹnìkan túmọ̀ FAILED sí "fáìlì ti bàjẹ́", èmi á kọ "kò bá a mu", torí ó lè jẹ́ ìtẹ̀ka tí a kọ sílẹ̀ ni a ṣì kọ.