Sosiọ́lọ́jì ní yunifásítì ìlú ọba: kí ló wà nídìí rẹ̀?

Ìyá Tèmi, Peckham
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ kan nínú ìjọ fẹ́ ka sosiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa bí àwùjọ èèyàn ṣe ń gbé pọ̀, àwọn òbí rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì ni kó lọ kà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá wa là á yé wọn. Ṣé tó bá parí rẹ̀, ó ti di social worker, òṣìṣẹ́ tó ń ran ọmọ àti ìdílé tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́, nìyẹn?

Bọ̀dá Káyọ̀dé, Leeds
Rárá o, mà, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Òfin ń ṣọ́ orúkọ iṣẹ́ yẹn: ní England, ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Social Work England, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Ọdún 3 ni sosiọ́lọ́jì ní England, 4 ni ní Scotland. Lẹ́yìn rẹ̀ ló tún máa ka máàsítà social work tí wọ́n fọwọ́ sí, ọdún 2 lọ́pọ̀ ibi. Tó bá dá a lójú pé iṣẹ́ yẹn ló fẹ́, kó kúkú gba dìgírì social work láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Tèmi, Peckham
Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Kí wá ni sosiọ́lọ́jì fúnra rẹ̀ wúlò fún?

Àǹtí Bísí, Manchester
Ìwádìí ni, Ìyá Tèmi. Káńsù, àjọ aláàánú àtàwọn iléeṣẹ́ ìjọba ń wá ẹni tó mọ bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èrò, tó sì mọ ìdáhùn wọn kà. Nítorí náà kí ọmọ náà má fi orúkọ yunifásítì nìkan yàn. Fọ́ọ̀mù UCAS, àjọ tí a ń gbà forúkọ sílẹ̀ fún yunifásítì, gba yíyàn 5. Kó ṣí ojú ewé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kó wo èyí tó jẹ́ ti ọ̀nà ìwádìí nínú rẹ̀. Tí kò bá rí ìṣirò níbẹ̀, tàbí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe é bíi SPSS tàbí R, kó fò ó. Ẹni tó bá sá fún ìṣirò ti ju ìdajì èrè ẹ̀kọ́ náà nù.

Ẹ wo bí ìwádìí ṣe ń bàjẹ́. Ẹnì kan fẹ́ mọ bí àwọn Yorùbá Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń sinmi, ó wá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè pẹ̀lú ìwé ìbéèrè. Ó ti pàdánù àwọn Mùsùlùmí, ó ti pàdánù àwọn tó wà lẹ́nu ṣíìfù. Bó bá rí ẹgbẹ̀rún èèyàn níbẹ̀, kò lè tún un ṣe. Tí a bá ṣà wọ́n láìṣojúsàájú, 400 èèyàn á fúnni ní àṣìṣe bí ìdá 5 nínú 100 sókè tàbí sísàlẹ̀. 1,000 á sọ ọ́ di bí 3. Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ńkọ́? “Ṣé owó àti ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tẹ́ yín lọ́rùn?” Ìbéèrè 2 ni wọ́n so pọ̀ yẹn. Ẹni tí owó tẹ́ lọ́rùn tí ìwà kò tẹ́ lọ́rùn, èwo ni kó mú?

Bọ̀dá Káyọ̀dé, Leeds
Ọ̀rọ̀ gidi, àǹtí. Kí n fi ti pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá kún un. Kó má gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà ìwádìí tó fọwọ́ sí i. Èyí tó bá gbà ṣáájú, wọ́n lè ní kó má lò ó. Ohùn wákàtí 1 máa ń gba wákàtí 4 sí 6 láti tẹ̀ di ọ̀rọ̀ kíkọ. Tó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n sọ, kó fi àkókò ìtumọ̀ lé e. Àjọ àti èésú láàárín àwọn ará wa, orí ọ̀rọ̀ tó dára nìyẹn.

Kó má sì rò pé ti òyìnbó nìkan lẹ̀kọ́ náà. Lọ́dún 1986, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣọlá Akíwọwọ ti Ifẹ̀ gbé èrò kalẹ̀ fún sosiọ́lọ́jì láti inú àyájọ́ Asùwàdà: pé ní ìsùpọ̀ ni gbogbo ẹ̀dá ń wà.

Ìyá Tèmi, Peckham
Ẹ kú làálàá. Ìgbà wo ni fọ́ọ̀mù ń parí?

Àǹtí Bísí, Manchester
Inú oṣù kìn-ín-ní ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ ń yí padà lọ́dọọdún, kó wò ó lójú ewé UCAS. Àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni ti di ìbéèrè 3 báyìí, lẹ́tà 4,000 lápapọ̀, àlàfo wà nínú rẹ̀. Kó má kọ “mo fẹ́ràn èèyàn” síbẹ̀. Kó mú nǹkan kan pàtó, bí ìkànìyàn 2021 ní England àti Wales, tí wọ́n fi àyè sí ẹ̀gbẹ́ “African” kí èèyàn kọ ibi tó ti wá sí, kó wá ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí iye wa nígbà tí ọ̀pọ̀ bá fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo.