Ọmọ Ìbàdàn tó sọnù n'Íbàdàn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àlájà Bódìjà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Kúdẹtì ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí tí a fi kó lọ sí Bódìjà, mo sì lo ọdún mọ́kàndínlógún l'Ékòó kí n tó padà wálé lọ́dún tó kọjá. Lóṣù tó lọ, ọmọ mi obìnrin ní kí n mú òun lọ wo agbo ilé bàbá àgbà. Mo wa mọ́tò títí, mo yí Mọlẹ́tẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò rí ojú ọ̀nà. Nígbà tí mo dúró bi ọlọ́kadà kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àlejò ni yín?" Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. A padà sílé.

Dókítà tún ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó ní kí n máa ṣeré ìdárayá. Mo ti ń sáré díẹ̀díẹ̀ ládùúgbò wa láàárọ̀. Àbúrò mi tó wà ní London sì fi kẹ̀kẹ́ ológeere oní-gíà kan sínú ẹrù tó kó ránṣẹ́. Mo wá rò ó pé kí n fi eré àti kẹ̀kẹ́ yìí tún ìlú mi mọ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Báwo lèèyàn ṣe ń gun òkè Mápó láìdákú? Ṣé obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tó wọ ìbòrí lè sáré kọjá ní Bẹẹrẹ kí wọ́n má ní orí rẹ̀ ti dàrú? Ọkọ mi ní òun á ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan sínú ilé. Mi ò fẹ́.

Ọmọ Ìdí Arẹrẹ

Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì! Ó ti wà nínú oríkì ìlú yín tipẹ́, Àlájà, ẹ má bínú.

Àbá mi nìyí: ẹ má ti ìsàlẹ̀ gun òkè lọ́jọ́ kìíní. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹ wa mọ́tò dé Mápó, kí ẹ páàkì síbẹ̀. Láti 1929 tí wọ́n ti ṣí gbọ̀ngàn yẹn ló ti ń wo gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n ìgbà ìgbéyàwó nìkan làwa ń rántí rẹ̀. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òpó rẹ̀, ẹ wo òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, ẹ gba Bẹẹrẹ lọ sí Òkè Ààrẹ, níbi tí ilé gogoro Láyípo wà. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣe ajẹ́lẹ̀ n'Íbàdàn. Tí ẹ bá bá a ní ṣíṣí, ẹ gùn ún, kí ẹ wo Cocoa House alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́ọ̀ọ́kán.

Àkàndé Ìdíkàn

A kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún o. Tí Àlájà bá sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà màmá mi, ìyá á kọ́kọ́ sá tẹ̀ lé e, kó tó béèrè ohun tó ń lé wọn bọ̀.

Ìyá Fárúùkù

Ẹ fi Àkàndé sílẹ̀. Èmi náà ń wọ ìbòrí, mo sì ń sáré. Ṣòkòtò gígùn tó fẹ̀ díẹ̀, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, ìbòrí kékeré tí ẹ lè ki etí rẹ̀ bọ inú ẹ̀wù. Lórí kẹ̀kẹ́, ẹ fi rọ́bà so ẹsẹ̀ ṣòkòtò kí ṣéènì má bàa gbé e. Tí ẹ bá ti wọ inú agbo ilé, ẹ dín eré kù, kí ẹ sì tètè kí wọn. Ẹni tó sáré kọjá tí kò kí èèyàn ni wọ́n ń fura sí. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á máa bi yín pé kí ló dé tí àwọn ò rí yín lánàá. Ajá nìkan ni kì í gba ìkíni: tó bá ń gbó, ẹ rìn jẹ́jẹ́, ẹ má sá fún un.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtù

Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ẹ kọ́kọ́ bá dókítà tó kọ ọ́ fún yín sọ̀rọ̀, torí òmíràn wà tó ń mú èèyàn tọ̀, oòrùn á sì tún fa omi tó kù nínú ara. Ẹ mu omi dáadáa. Ẹ sáré fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ rìn fún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é. Tí ẹ ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí bí ẹ ṣe ń sáré, ẹ ti yára jù. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ jókòó, ẹ pe èèyàn. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dé orí òkè ná.

Oníkẹ̀kẹ́ Sábó

Ẹ má tíì gun kẹ̀kẹ́ yẹn jáde, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Rọ́bà bíréékì lè ti gbó, táyà sì lè ti sán. Ìjókòó: bí ẹsẹ̀ bá wà lórí pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán, kó má nà tán.

Ọ̀rọ̀ òkè wá. Ẹ yí gíà kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá dé àárín òkè tí ẹ ti ń mí hẹlẹ, ó ti pẹ́ jù, ṣéènì á kàn já sílẹ̀ ni. Eléyín kékeré níwájú, eléyín ńlá lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ á máa yí kíákíá, kẹ̀kẹ́ á máa rìn bí alágẹmọ, ṣùgbọ́n ẹ óò dókè. Bí ẹ bá ń sọ̀, ẹ máa tẹ bíréékì, ẹ máa tú u, méjèèjì ni o. Ẹni tó bá fún ti iwájú nìkan pa á fi ẹnu gbálẹ̀. Mo ti fi ẹnu gbálẹ̀ rí ní Òkè Pádì. Eyín kan ò padà wá mọ́.

Dérébà Gate

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ dé Ìwó Road. Takisí Máíkírà ni mo ń wa, mo mọ bí a ṣe ń dúró lójijì gbé èrò.

Bàbá Agbẹni

Ẹ kú ìmọ̀ràn, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó wà nínú mọ́tò ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni orúkọ àdúgbò ń bá wí. Òkè Ààrẹ, Òkè Ọ̀fà, Òkè Adó: o ti mọ̀ pé wàá mí. Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣì: wàá sinmi.

Àlájà, ọmọ mi, omi ni kí o tẹ̀ lé. Bẹ̀rẹ̀ láti Agodi, kí o máa wo odò Ògùnpa bó ṣe ń bọ̀ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa l'Ágbẹni. Gọ́tà oní-sìmẹ́ńtì lásán ni lójú onímọ́tò. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ló jáde sí wa. Mo gbé àbúrò mi sórí káńtà ṣọ́ọ̀bù, omi tún ń lé wa bọ̀, a bọ́ sórí òrùlé. Èèyàn tó bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Bí o bá fi ẹsẹ̀ tọ̀ ọ́, ara rẹ á sọ fún ọ ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, wàá sì mọ ìdí tí omi fi mọ ilé tó wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Kúdẹtì tìrẹ náà, orúkọ omi ni. Wá ṣọ́ọ̀ṣì St. David's, ti Hinderer, òyìnbó ajíhìnrere, àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n wá tẹ̀dó síbí ní 1853. Fi í ṣe àmì, kí o wá kúrò lójú títì.

Àlájà Bódìjà (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọjọ́ Àìkú méjì ni mo fi sọ̀ láti Mápó, mo sì dé Láyípo. Ìjẹta ni mo lọ sí Kúdẹtì. Bàbá, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo rí ṣọ́ọ̀ṣì náà, mo kúrò lójú títì, mo gba àárín ilé méjì kan tí apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha ògiri. Màmá kan ń din àkàrà. Mo dín eré kù, mo kúnlẹ̀ kí i. Kò dáhùn, ó kàn tẹjú mọ́ mi. Nígbà tó yá, ó ní, "Iwájú orí yìí, ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti gbé e wá." Ó fi ṣíbí àkàrà tọ́ka. Ilé kẹta ni. Títì tí mo wá kiri sì wà lẹ́yìn ògiri níbẹ̀, mo ń gbọ́ fèrè mọ́tò láti àgbàlá bàbá mi.

Òkè Mápó ṣì ń já mi kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní ìdajì, mo sì ń tì í dókè láìtijú. Ìyá Fárúùkù, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti ra akoto tó ṣeé dé lé ìbòrí? Gbogbo èyí tí mo dán wò ní Dùgbẹ̀ ló há.