Báwo ni kí n ṣe tọ́jú awọ ìyáàlù títí di ìrọ̀lẹ́?

Ẹ̀yin àgbà onílù àti ẹ̀yin òṣèré, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ tíátà ni mí n'Ífẹ̀, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìfidánrawò ìlù ni láàárọ̀, kíláàsì lọ́sàn-án, eré nírọ̀lẹ́ níbi ìṣeré aláìlórùlé ti Gbọ̀ngàn Odùduwà. Èmi ni mo máa lu ìyáàlù, ìlù àgbà tó ń sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ìlù dùndún, inú mi sì ń dùn gan-an!

Awọ ni ìṣòro. Lásìkò òjò yìí, awọ ewúrẹ́ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, á dẹ̀. Bí èèyàn tilẹ̀ fún ọsán, ìyẹn àwọn okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, mọ́ ìhà, ohùn òkè ò ní jáde dáadáa. Bẹ́ẹ̀, bí ohùn òkè bá ti sọnù, oríkì tó yẹ kó dún ketekete á di ariwo lásán, ẹni tó gbọ́ èdè ìlù ò sì ní mọ ohun tí a ń wí. Yíyá oòrùn dára, àmọ́ bó bá pẹ́ jù, awọ á gan, ó sì lè fà ya létí níbi tí ọsán ti ń fà á.

Ṣé kí n tú ọsán sílẹ̀ díẹ̀ ní gbogbo àkókò kíláàsì ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà? Ìṣẹ́jú mélòó ló tó nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́?

Ẹ̀yin òṣèré ńkọ́: bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ lórí ìtàgé, ṣé kí ìyáàlù dákẹ́ pátápátá, kí gúdúgúdú, ìlù kékeré olójú kan, nìkan máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́?